Ṣé kí n dúró gba àṣẹ ọkọ kí n tó lọ sí ọsibítù?

Ìbéèrè: As-salaamu alaykum, Àáfà. Oyún mi ti pé oṣù méje. Bẹẹrẹ là ń gbé, inú ilé kan náà pẹ̀lú ìyá ọkọ mi. Ọkọ̀ ẹrù ni ọkọ mi ń wà. Bó bá gba Kánò lọ, ó lè tó ọjọ́ mẹ́wàá kó tó dé. Láti àná ni orí ti ń fọ́ mi gan-an, ẹsẹ̀ mi sì wú. Mo ní kí n lọ sí ọsibítù Adéọ̀yọ́, ìyá ọkọ mi ní obìnrin kì í jáde láìgbàṣẹ ọkọ. Mo pe ọkọ mi títí, kò wọlé. Ṣé màá jẹ̀bi lọ́dọ̀ Ọlọ́hun bí mo bá lọ?

Ìdáhùn: Wa alaykumu s-salaam. Gbé híjáàbù rẹ wọ̀, kó o máa lọ báyìí. Ìyókù ọ̀rọ̀ mi lè dúró dè ọ́. Orífífọ́ líle àti ẹsẹ̀ wíwú lára aláboyún lè jẹ́ àmì ẹ̀jẹ̀ ríru, ìyẹn sì lè di gìrì. Kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ, kí wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ wò.

O ò jẹ̀bi rárá. Lóòótọ́, ẹ̀sìn wa fẹ́ kí obìnrin sọ fún ọkọ kó tó jáde, mi ò ní torí kí ọ̀rọ̀ mi lè dùn kí n fi ìyẹn pamọ́. Àmọ́ níbi tí ẹ̀mí bá ti wọ̀ ọ́, àṣẹ Ọlọ́hun ló ṣáájú: ẹ má ṣe fi ọwọ́ ara yín ti ara yín sínú ìparun (Súúrà Bákárà, aáyà 195).

Nínú súúrà yẹn kan náà, aáyà 233, Ọlọ́hun ní bí bàbá àti ìyá bá fẹ́ já ọmọ lẹ́nu ọmú kí ọdún méjì tó pé, tí àwọn méjèèjì fohùn ṣọ̀kan, tí wọ́n jọ gbìmọ̀ pọ̀, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ fún wọn. Ọmú lásán mà nìyẹn o! Bí bàbá ò bá lè dá ìyẹn pinnu, ta ló wá ní òun nìkan ló ni ọ̀rọ̀ ikùn tó gbé ọmọ?

Ní Hudaybiyyah, nítòsí Mẹ́kà, ọdún 6 Híjírà, Ànábì ní kí àwọn sàhábé, ìyẹn àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀, dìde, kí wọ́n dúńbú ẹran, kí wọ́n fárí. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹnì kankan ò mira. Ó wọlé tọ Ummu Salamah, ìyàwó rẹ̀. Ìyẹn ní kó jáde, kó má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, kó dúńbú tirẹ̀, kó pe ẹni tó máa fá orí rẹ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀, ni gbogbo wọn bá dìde. Ànábì gba ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀. Àwọn baálé kan wà n'Íbàdàn níbí tí wọ́n á ní ẹnu obìnrin ò tó bẹ́ẹ̀.

Ní ti owó, obìnrin kan tó ń jẹ́ Hindu fẹjọ́ sun Ànábì pé Abu Sufyan ọkọ òun háwọ́. Ànábì ní kó mú iye tó máa tó òun àti ọmọ rẹ̀ nínú owó ọkọ, lọ́nà tó tọ́. Owó káàdì àti owó mọ́tò wà nínú ìyẹn. Bí dókítà obìnrin bá wà, òun ló dáa jù. Bí kò bá sí, kí ọkùnrin tọ́jú rẹ.

Má bá ìyá jà. Àwọn ló bí ọkọ fún ọ, ẹ̀rù ló sì ń bà wọ́n. Bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tẹ̀ lé ọ lọ, kí wọ́n bá ọ mú káàdì dání.

Bí ọkọ rẹ bá dé, ní kó wá rí mi lẹ́yìn ìrun Àsárì. Ọ̀rọ̀ tí mo ní bá a sọ ò gùn: kó tó tún ṣíná ọkọ̀, kó fi àṣẹ àti owó sílẹ̀ nílé.