Báwo Ni A Ṣe Lè Dá Iṣẹ́ Medici Mọ̀ Yàtọ̀ sí ti Riccardi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá ayàwòrán-ilé. Èmi àti ìyàwó mi ń lọ sí Florence ní Ítálì, a sì fẹ́ rí Palazzo Medici Riccardi. Orúkọ ìdílé méjì ló wà lórí ilé kan ṣoṣo yìí. Tí a bá dúró níwájú rẹ̀, báwo la ṣe máa mọ èyí tí oníkálukú wọn kọ́?

Ìdáhùn: Ẹ dúró ní òdìkejì òpópónà Via Cavour, kí ẹ wá ka àwọn fèrèsé òkè láti igun tí òpópónà náà ti pàdé Via de' Gori. Mẹ́wàá àkọ́kọ́ jẹ́ ti Medici. Méje tó kù jẹ́ ti Riccardi, àwọn tó ra ilé náà ní 1659 tí wọ́n sì fẹ̀ ẹ́. Wọ́n fara wé iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú fi lè fò ó, nítorí náà ẹ má ṣe dẹ́kun kíkà. Àmì Medici ni àwọn nǹkan róbótó lára apata ogun. Ti Riccardi ni kọ́kọ́rọ́.

Àwọn kan máa ń túmọ̀ Palazzo sí ààfin, ṣùgbọ́n èmi kì í pe ilé yìí ní ààfin, torí pé ọba ló ni ààfin, Cosimo de' Medici kò sì jọba. Oníbáǹkì ni, ní ìlú tí kò ní ọba, tí wọ́n ti lé e jáde ní 1433 kó tó padà dé ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Nígbà tó gbé iṣẹ́ ilé náà fún ayàwòrán-ilé Michelozzo ní 1444, ó mọ̀ pé ojú ìlara wà lára òun. Ìdí nìyẹn, lójú tèmi, tí ìta rẹ̀ fi le koko tí inú rẹ̀ sì tutù. Òkúta ìsàlẹ̀ tóbi, wọn kò dán an. Ti àjà àárín tẹ́jú, ṣùgbọ́n ìlà oríkèé rẹ̀ ṣì hàn. Ti òkè pátápátá sì ń dán geere, débi pé ilé náà ń fúyẹ́ bó ṣe ń ga. Etí òrùlé tó yọ síta gbàǹgbà lókè wá láti inú àṣà àwọn ará Róòmù àtijọ́. Nínú, ẹ ó bá àgbàlá tí òpó àti ẹnu ọ̀nà tí orí wọn tẹ̀ bí ọrun yí ká, níbi tí ère Dafidi tí Donatello fi idẹ ṣe ti dúró nígbà kan rí.

Àwọn fèrèsé ìsàlẹ̀ tó wà ní igun ilé, tí ohun bí orúnkún méjì gbé dúró, jẹ́ iṣẹ́ Michelangelo ní nǹkan bí 1517. Kí ó tó ṣe wọ́n, ẹnu ọ̀nà ńlá tó ṣí sílẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Ẹ má ṣe kúrò láìwọ ilé ìjọsìn kékeré tó wà lókè, èyí tí Benozzo Gozzoli ya ìrìn àjò àwọn amòye sí lára ògiri rẹ̀ ní 1459. Ẹ wá igun ògiri kan tó yọ wọ inú yàrá. Nígbà tí ìdílé Riccardi ń ṣe àtẹ̀gùn tuntun, wọ́n gé ògiri náà, ó sì dùn mí púpọ̀, nítorí pé àwòrán tó jẹ́ ọ̀kan tẹ́lẹ̀ ti pín sí méjì níbẹ̀.