Híjáàbù àti káàdì oṣù mẹ́fà

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè rẹ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èsì. O ní o fẹ́ du ipò káńsẹ́lọ̀ ládùúgbò yín ní gúúsù London, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ ní obìnrin Yorùbá tó ń wọ híjáàbù, tó tún ń jẹ́ orúkọ Mùsùlùmí, kò sí òyìnbó tó máa dìbò fún un. O wá béèrè bóyá òótọ́ ni, àti ìdí tí àwọn ará Pakistan àti Bangladesh fi pọ̀ nínú ìjọba tí àwa kò sì sí níbẹ̀. Mo ti du ipò yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Mo fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì, mo wọlé lẹ́ẹ̀kan. Híjáàbù wà lórí mi ní gbogbo ìgbà náà.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá ọkọ rẹ lóhùn. Ó ti pẹ́ tí àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí ti ń dìbò fún Mùsùlùmí nílẹ̀ yìí. Ní 1997 ni Mohammad Sarwar wọlé ní Glasgow Govan, Mùsùlùmí àkọ́kọ́ nílé aṣòfin Westminster, Àlùkùránì ló sì fi búra. Ní 2010, obìnrin Mùsùlùmí mẹ́ta wọlé lẹ́ẹ̀kan náà: Shabana Mahmood, Rushanara Ali àti Yasmin Qureshi. Nínú ènìyàn 100 ní London, 15 péré ni Mùsùlùmí, síbẹ̀ Sadiq Khan wọlé gẹ́gẹ́ bí olórí ìlú náà ní 2016, ní 2021 àti ní 2024. Àwọn 15 yẹn nìkan kò lè gbé e débẹ̀. Lẹ́yìn ìbò 2024, nǹkan bí 25 ni wọ́n ka Mùsùlùmí nínú aṣòfin 650. Ìkànìyàn 2021 sì sọ pé Mùsùlùmí England àti Wales jẹ́ mílíọ̀nù 3.9, ìyẹn ìdá 6.5 nínú 100. A kò tíì pé bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kò tì.

Ibi tí ilẹ̀kùn náà wà gan-an ni èmi kò tètè mọ̀.

Ní 2013, mo gbọ́ pé ẹgbẹ́ òṣèlú tí mo wà ń wá ẹni tí wọ́n máa fà kalẹ̀ ní wọ́ọ̀dù wa fún ìbò ọdún tó ń bọ̀. Mo ti gbé ládùúgbò náà fún ọdún mẹ́rìndínlógún. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ń ṣe, lóru ni mo sì máa ń ṣe é, kí n lè mú àwọn ọmọ dé ẹnu ọ̀nà iléèwé láàárọ̀. Ta ni kò mọ̀ mí? Mo sáré lọ bá àwọn ìyá àsàlátù wa. Ìyá Àdínì ló kọ́kọ́ san owó káàdì ẹgbẹ́, àwọn méjìlá sì tẹ̀ lé e. Nígbà tí ọjọ́ ìdìbò abẹ́lé pé, gbogbo wọn wọ léèsì funfun, a kún yàrá kékeré tí wọ́n ti ń ṣèpàdé. Àwọn tó kù níbẹ̀ kò ju mọ́kàndínlógún lọ. Mo ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nínú ọkàn mi.

Ni akọ̀wé bá dìde, ó ní ẹni tí káàdì rẹ̀ kò bá tíì pé oṣù mẹ́fà kò lè dìbò. Ti àwọn ìyá mi kò tíì pé oṣù méjì. Wọ́n káwọ́ lé itan, wọ́n ń wò bí àwọn tó kù ṣe ń nawọ́. Mo ní ìbò mẹ́fà. Ẹni tó borí ní mọ́kànlá. Nígbà tí a jáde, Ìyá Àdínì di ọwọ́ mi mú títí a fi dé ibùdókọ̀, kò sọ nǹkan kan, mo sì mọ̀ pé ojú ń tì í nítorí mi.

Ó pẹ́ kí n tó gbà pé ẹni tó borí mi kò jí nǹkan kan. Ó ti ń wá sípàdé yẹn láti ọdún mẹ́jọ. Òun ló ń to àga, òun ló ń pín ìwé pélébé nínú òtútù, ó mọ orúkọ ìyàwó àti ọmọ olúkúlùkù. Ní wọ́ọ̀dù bíi tiwa, ẹni tí ẹgbẹ́ yẹn bá ti fà kalẹ̀ ló máa ń wọlé. Ẹni mọ́kànlá ló yan káńsẹ́lọ̀ wa, ẹgbẹẹgbẹ̀rún olùdìbò kàn wá fọwọ́ sí i ni. Bó ṣe rí lókè náà nìyẹn: nígbà tí Humza Yousaf di olórí ìjọba Scotland ní 2023, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ dìbò yàn án kí ilé aṣòfin tó fontẹ̀ lù ú.

Ní 2014, wọ́n fi mí sí wọ́ọ̀dù kan tí ẹgbẹ́ wa kò tíì wọlé rí, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi tù mí nínú. Mo gbà á. Nínú ọ̀pọ̀ wọ́ọ̀dù London, ìjókòó mẹ́ta ló wà, ẹgbẹ́ kan á fa ènìyàn mẹ́ta kalẹ̀, olùdìbò náà á sì ní ìbò mẹ́ta lọ́wọ́. Àwa mẹ́ta jọ rin ojúlé dé ojúlé, ìwé kan náà la jọ pín, fọ́tò wa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Nígbà tí wọ́n ka ìbò, tèmi fi 180 dín sí ti ẹni tó sún mọ́ mi jù nínú àwọn òyìnbó méjì yẹn. Ó yé ọ? Ó ku díẹ̀ kí igba ènìyàn mú ẹgbẹ́ wa, kí wọ́n mú àwọn méjì, kí wọ́n sì fo orúkọ mi. Mo sunkún lálẹ́ ọjọ́ náà, n kò fi pamọ́ fún ọ. Ọkọ rẹ kò parọ́ tán.

Ṣùgbọ́n wo ìṣirò náà dáadáa. Níbi tí ẹgbẹ́ bá ti ń fi ìbò 900 borí, 180 kò lè dá ọ dúró. Níbi tí wọ́n bá ti ń fi ọgọ́rùn-ún wọlé, ó lè dá ọ dúró. Nítorí náà, ibi tí ẹgbẹ́ bá fi ọ́ sí ló ń sọ bóyá ìkórìíra àwọn kan á ní agbára lórí rẹ, yàrá kékeré yẹn náà la sì tún padà sí. (Ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi: orúkọ ìdílé ni wọ́n fi ń to àwọn olùdíje sórí ìwé ìbò, láti A lọ sísàlẹ̀. Ẹni tó bá wà lókè sábà máa ń rí ìbò díẹ̀ lé sí i. S ni orúkọ ọkọ mi fi bẹ̀rẹ̀. Bí tìyín bá jẹ́ Adé tàbí Abdul nǹkan kan, àǹfààní ni.)

Ní ti àwọn ará Pakistan àti Bangladesh, má ṣe jowú wọn, kọ́ ohun tí wọ́n ṣe. Ọ̀pọ̀ àwọn ti Pakistan wá láti agbègbè Mirpur, wọ́n sì tẹ̀dó pọ̀ sójú kan ní Bradford àti Birmingham. Sylhet ni ọ̀pọ̀ ará Bangladesh ti wá sí Tower Hamlets ní London. Àwọn ará Pakistan ní ohun tí wọ́n ń pè ní biraderi, ìyẹn ẹbí àti ará abúlé tó ń tì ara wọn lẹ́yìn, wọ́n sì ti ń gba káàdì ẹgbẹ́ láti ìgbà tí àwa ṣì ń ka ọjọ́ tí a máa padà sílé. Òfin tó fún àwọn ọmọ ilẹ̀ Commonwealth tó ń gbé ní Britain lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò, kí wọ́n tiẹ̀ tó gba páálí Britain, kan àwa náà. Àwọn ènìyàn wa tó wà ní Jámánì tàbí Ítálì kò ní àǹfààní yẹn. Àwa tó ní in, mélòó nínú wa ló ń lò ó?

Àwa sì yàtọ̀ sí wọn ní ọ̀nà kan tí mo ti wá fẹ́ràn gidigidi. Ilé Yorùbá kan náà ni wàá ti rí Àlàájà àti pásítọ̀. A kò lè kó ìbò jọ látinú mọ́sálásí nìkan, a ò sì nílò rẹ̀. Ní 2018, nígbà tí mo wọlé, ìyàwó pásítọ̀ kan tó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú ló gbé ìwé pélébé mi káàkiri ilé gogoro mẹ́ta, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún. Ó ń kan ilẹ̀kùn, ó ń sọ fún wọn pé àbúrò òun ni mí. Ọkùnrin kan tilẹ̀kùn mọ́ mi lójú, ẹnìkan kọ ọ̀rọ̀ burúkú sórí fọ́tò mi. Ṣùgbọ́n ìyá òyìnbó kan tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún ní kí n wọlé wá mu tíì, torí pé mo ti tọ́jú ọkọ rẹ̀ rí ní wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn. Mo dúpẹ́ fún gbogbo òru tí mo fi ṣiṣẹ́ yẹn.

O béèrè pé kí wá ni àǹfààní rẹ̀. Ní ọdún kejì mi nínú káńsù, Àlàájà kan lágbo wa kú ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀. Ọ́fíìsì tó ń fọwọ́ sí ìwé ìsìnkú ti tì, wọ́n ní ó di Mọ́ńdè. O mọ̀ pé a kì í fi òkú pamọ́. Àkọ́bí rẹ̀ pè mí láago mọ́kànlá alẹ́, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo pe gbogbo nọ́ńbà tí mo ní, n kò rí ohunkóhun ṣe, ọjọ́ Túsídeè la tó sin ín. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sípàdé káńsù. Àwọn tó jókòó síbẹ̀ kì í ṣe ènìyàn burúkú, wọn kò kàn mọ̀ rárá pé ọjọ́ mẹ́rin jẹ́ ìyà fún wa. Káńsẹ́lọ̀ kan tó jẹ́ Júù dìde, ó ní bákan náà ni tiwọn. Ó gbà wá ní oṣù mẹ́sàn-án, ṣùgbọ́n ní ìparí, òṣìṣẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Sátidé àti Sọ́ńdè fún ìwé ìsìnkú. Bí mi ò bá ṣe nǹkan míì láyé òṣèlú, mo ṣe ìyẹn.

Má sì rò pé ẹnu kan ni gbogbo Mùsùlùmí tó wà nínú ìjọba fi ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí ilé aṣòfin dìbò lórí dídá ogun Gaza dúró ní oṣù kọkànlá 2023, Naz Shah, Afzal Khan àti Yasmin Qureshi fi ipò wọn nínú ẹgbẹ́ Labour sílẹ̀ kí wọ́n lè dìbò bí ọkàn wọn ṣe sọ. Àwọn mìíràn dúró sí tiwọn. Ní 2024, àwọn tó ti Gaza lẹ́yìn, tí wọn kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan, gba ìjókòó ní Leicester South, Blackburn, Birmingham Perry Barr àti Dewsbury and Batley. Wàá dé ibi tí ẹgbẹ́ á ti fà ọ́ sọ́hùn-ún, tí àwọn ará mọ́sálásí á fà ọ́ síhìn-ín. Ronú nípa rẹ̀ kó tó dé.

Mo bẹ̀ ọ́, má ṣe ní kí Lèmọ́mù kéde orúkọ rẹ lórí mínbárì. Ọ̀pọ̀ mọ́sálásí ló forúkọ sílẹ̀ bí iléeṣẹ́ àánú, òfin kò sì gbà wọ́n láyè láti ti olùdíje lẹ́yìn. Fífi ẹ̀sìn dẹ́rù ba olùdìbò jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ìbò, ó sì wà lára ohun tí adájọ́ kà sílẹ̀ nígbà tó fagi lé ìbò olórí ìlú Tower Hamlets ní 2015. Kí ìrun, kí àwọn ènìyàn rẹ, kí o wá bá wọn sọ̀rọ̀ nílé wọn.

Ní 2022, inú ààwẹ̀ ni gbogbo ìpolongo bọ́ sí, Ìtúnu ààwẹ̀ ku ọjọ́ mẹ́ta sí ìbò. Ó rẹ̀ mí, mo sì fi ìbò díẹ̀ pàdánù. N kò ní du ipò mọ́, eegun mi kò gbà á.

Ìwọ ní tìrẹ, bó o bá ní ìwé ìgbélùú tí kò lọ́jọ́ ìparí, tó o sì ti gbé ní agbègbè káńsù yẹn fún oṣù méjìlá, o lè dúró, páálí Nàìjíríà kò dí ọ lọ́wọ́. Kò sí owó ìdúró fún káńsẹ́lọ̀, àfi tilé aṣòfin tó jẹ́ £500. Bó bá jẹ́ pé káńsù yẹn ló gbà ọ́ síṣẹ́, òfin kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí náà yẹ ìwé iṣẹ́ rẹ wò. Gba káàdì ẹgbẹ́ lọ́sẹ̀ yìí, kí ọkọ rẹ náà gba tirẹ̀. Béèrè iye oṣù tí òfin ẹgbẹ́ ń fẹ́ kí o tó lè dìbò abẹ́lé, kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, kí o lọ sípàdé tó kàn. Tètè dé, kí o bá wọn to àga.