Mo kó jáàkì pọ̀ sínú grúùpù kan, apá katapílà mi wá gan

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Mo ń ya apá katapílà nínú CAD (sọ́fítíwià tí a fi ń yàwòrán ẹ̀rọ). Píìnì kan ló so apá náà mọ́ ìdí ẹ̀rọ, jáàkì háídróólíkì ló sì ń gbé e sókè. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá fi máòsì fa apá, ṣe ni ohun gbogbo ń tú ká, àwọn bóòtù á sì dúró sẹ́yìn. Mo wá kó jáàkì látòkèdélẹ̀ sínú grúùpù kan kí ó lè máa rìn pọ̀. Láti ìgbà náà, apá ò mira mọ́, gbogbo ìdè tí mo fi so nǹkan pọ̀ sì di pupa fòò. Kí ni mo ṣe? Báwo ni mo sì ṣe máa mú un rìn fún fídíò tí mo fẹ́ fi han oníbàárà?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ gbé bírò àti ìwé. Ẹ fi àmì kan síbi tí píìnì apá wà ní ìdí ẹ̀rọ, ẹ fi èkejì síbi tí ẹsẹ̀ jáàkì ti so mọ́ ìdí ẹ̀rọ kan náà, ẹ wá fi ẹ̀kẹta síbi tí orí jáàkì ti gbé apá. Ẹ fa ìlà láti ọ̀kan dé ìkejì. Onígun-mẹ́ta ló jáde yẹn. Bí ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò bá lè gùn, tí wọn ò sì lè kúrú, kò sí igun kan níbẹ̀ tó lè yí padà. Á dúró gbagidi bí ààrò mẹ́ta. Jáàkì nìkan ló láṣẹ láti gùn nínú wọn, òun gan-an lẹ sì dè lọ́wọ́ dè lẹ́sẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kà á. Bí a bá wo ẹ̀rọ náà láti ẹ̀gbẹ́, ohunkóhun tí a kò kàn mọ́lẹ̀ ní ìrìn mẹ́ta: ó lè lọ síwájú-sẹ́yìn, ó lè lọ sókè-sódò, ó sì lè yí. Apá, páìpù jáàkì àti ọ̀pá inú rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta, ìrìn wọn jẹ́ 9. Píìnì kọ̀ọ̀kan ń gba ìrìn 2, yíyọ̀ tí ọ̀pá ń yọ̀ nínú páìpù náà ń gba 2. Píìnì mẹ́ta àti yíyọ̀ kan, 8 nìyẹn. Ó ku 1, òun lẹ máa rí nínú fídíò. Nígbà tí ẹ lẹ páìpù mọ́ ọ̀pá, ohun tó ń rìn di méjì, ìrìn di 6, píìnì mẹ́ta sì gba 6 lọ. Kò ku nǹkan kan.

Ẹ má dá ara yín lẹ́bi jù, nítorí ọ̀rọ̀ "grúùpù" yìí máa ń tan èèyàn. Nínú FreeCAD (ọ̀kan nínú àwọn sọ́fítíwià CAD, bíi Fusion, SolidWorks àti Inventor), Group kàn jẹ́ fódà lásán, kò ní ibùdó tirẹ̀, ẹ ò lè gbé e kí ohun inú rẹ̀ tẹ̀ lé e. Part ló ń ṣe ìyẹn. Nínú Fusion, Rigid Group ń lẹ nǹkan pọ̀ ní ti gidi. Nínú SolidWorks, fódà kàn ń tún ojú ìwé ṣe ni, ṣùgbọ́n bí ẹ bá sọ nǹkan di àtòpọ̀ kékeré (sub-assembly) nínú àtòpọ̀ ńlá (assembly), líle ni sọ́fítíwià máa kà á sí àyàfi bí ẹ bá sọ fún un pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ń rìn pọ̀ ni kí ẹ lẹ pọ̀, kì í ṣe ohun tí wọ́n rà pọ̀. Páìpù, ìdérí rẹ̀, bóòtù rẹ̀ àti ojú ihò ẹsẹ̀ rẹ̀, ọ̀kan nìyẹn. Ọ̀pá, píṣítìn orí rẹ̀ àti ojú ihò tó so mọ́ apá, ìkejì nìyẹn. Ẹ wá kó méjèèjì sínú àtòpọ̀ kékeré tí ẹ pè ní "jáàkì", kí àkọsílẹ̀ ohun èlò lè kà á sí ẹyọ kan. Nínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí àárín ọ̀pá bá àárín páìpù mu, ẹ dí ọ̀pá lọ́wọ́ kó má yí, kí ẹ sì fi gígùn rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, nínú àtòpọ̀ ńlá, ẹ sọ jáàkì náà di Flexible, ìyẹn ni pé kí ohun inú rẹ̀ ṣì lè máa rìn: nínú Inventor, ẹ tẹ̀ ẹ́ ní bọ́tìnnì ọ̀tún, ẹ ó rí i, nínú SolidWorks, ó wà nínú Component Properties. Bí ẹ̀rọ yín bá ní jáàkì méjì láti inú fáìlì kan náà, ọ̀kan lè gùn kí èkejì sì wà ní kúkúrú. Jáàkì nìkan ni kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún o; bí ẹ bá sọ gbogbo nǹkan di Flexible, kọ̀ǹpútà yín á máa mí hẹlẹhẹlẹ.

Ìdí ẹ̀rọ nìkan ni kí ẹ kàn mọ́lẹ̀. Mo ti jókòó sídìí àwòrán kan láti ọ̀sán títí ilẹ̀ fi ṣú, bóòtù kékeré kan tí ẹnì kan ti kàn mọ́lẹ̀ ló ń dá gbogbo rẹ̀ dúró. Níbi tí píìnì bá sì gba etí irin méjì kọjá, ẹ fi àárín rẹ̀ bá ihò etí kan mu, kí ẹ fi ojú kan ti ojú kejì, ó tó. Bí ẹ bá tún dè é mọ́ etí kejì, tí ihò ibẹ̀ sì fi 0.01 mìlímítà yẹ̀, ìdè yín á tún pọ́n.

Ó wá ku ìrìn. Ká ní láti píìnì apá dé ẹsẹ̀ jáàkì jẹ́ mìlímítà 300, tí láti píìnì apá dé orí jáàkì sì jẹ́ 800. Bí igun tó wà láàárín wọn bá jẹ́ dígírì 60, jáàkì á gùn ní 700 géérégé. Ní 90, á tó 854. Ní 120, á tó 985. Nítorí náà, ọ̀pá gbọ́dọ̀ lè jáde ní 285, kí ẹ sì fi 700 àti 985 ṣe ààlà gígùn jáàkì. Ẹ tún wò ó dáadáa: dígírì 30 àkọ́kọ́ jẹ gígùn 154, 30 kejì jẹ 131. Bí jáàkì bá ń gùn déédéé, apá ò ní gòkè déédéé.

Igun ni èmi máa ń fi darí ìrìn náà, kì í ṣe gígùn jáàkì. Gígùn 700 yẹn bá dígírì 60 lókè mu, ó sì bá 60 nísàlẹ̀ mu pẹ̀lú, ìyẹn ló fà á tí apá fi máa ń ṣàdédé fò sódì nígbà míì. Igun kan, gígùn kan ṣoṣo ló ní. Nínú Inventor, ẹ fi Drive (àṣẹ tó ń mú ìdè rìn) sí ìdè igun náà láti 60 dé 120, dígírì kan lẹ́ẹ̀kan. Nínú Fusion, Drive Joints ni. Nínú SolidWorks, mọ́tò inú Motion Study ni. Ẹ pa ìdè ìwọ̀n èyíkéyìí mìíràn tó bá di ìrìn yẹn mú.

Ẹ má fi ọwọ́ gbé nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan láti àwòrán ìbẹ̀rẹ̀ dé ti ìparí. Bí sọ́fítíwià bá gba ìlà tààrà láàárín méjèèjì, orí jáàkì tó yẹ kó máa yí òbìrípo ní mìlímítà 800 sí píìnì apá á já sí 693 láàárín ọ̀nà, píìnì á sì ti fi mìlímítà 107 jáde kúrò nínú ihò. Oníbàárà á rí i.

Kí ẹ tó gba fídíò sílẹ̀, ẹ dá Drive dúró, ẹ pa ìdè igun náà ná, ẹ fi máòsì di orí apá mú kí ẹ fà á. Bó bá ń gòkè sọ̀ kalẹ̀, tí jáàkì sì ń gùn tó ń kúrú tẹ̀ lé e, ó ti ṣeé gbà sílẹ̀. Bó bá tún yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ojú kan wà tí ẹ gbàgbé láti tì mọ́ ojú kejì.