Ẹ̀gbọ́n tó fẹ́ ra bọ́bíìnì pupa fún Golf GTI, ẹ má tíì sanwó

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìnáwó mọ́tò o. Ẹ ní Golf 5 GTI yín ń gbọ̀n, ó sì ń já tí ẹ bá tẹná lọ́nà Pọ́bẹ̀, pé fálíìsì mẹkánò, ẹ̀rọ tó fi ń ka àìsàn mọ́tò, kọ kóòdù P0303, ẹ wá rí bọ́bíìnì pupa mẹ́rin, èyí tó ń fún búùjì níná tó fi ń dáná sí ẹ̀sáǹsì, lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ní ti Audi R8 ni, lówó pọ́ọ́kú. Èmi náà ń wa mọ́tò tó ní irú ẹ́ńjìnì yín, 2.0 TFSI, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, ojú mi ti rí màbo lórí ọ̀rọ̀ bọ́bíìnì.

P0303 ò sọ pé bọ́bíìnì ló bàjẹ́ o, ohun tó sọ ni pé iná ò jó dáadáa nínú sìlíńdà kẹta. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì tutù, ẹ fa bọ́bíìnì kẹta jáde tààrà sókè, ẹ rọra o, torí ike tó di wáyà mú ti gbẹ lára àwọn mọ́tò yìí, ẹ fi òun àti ti àkọ́kọ́ ṣe pàṣípààrọ̀, ẹ pa kóòdù rẹ́ kí ẹ wá wà á jáde. Tó bá di P0301, bọ́bíìnì ló lẹ́jọ́. Tó bá dúró sí P0303, búùjì ni kí ẹ wò, tàbí ínjẹ́tọ̀ tó ń fọ́n ẹ̀sáǹsì. Tí ẹ bá sì rí ọ́ìlì nínú ihò búùjì, ẹ kọ́kọ́ wá ibi tó ti ń jò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á tún ba rọ́bà bọ́bíìnì tuntun jẹ́. Àti pé tí iná ẹ́ńjìnì bá ń ṣẹ́jú, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tẹná mọ́, ẹ̀sáǹsì tí ò jó yẹn ń wọ katalísà tó ń fọ èéfín mọ́ lọ, á sun ún.

Ìdí tó fi jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá tẹná ló máa ń já ni pé bí tọ́bò bá ṣe ń ti afẹ́fẹ́ wọlé tó ló ṣe máa ń ṣòro tó fún iná láti fò lẹ́nu búùjì, bọ́bíìnì tó ti rẹ̀ á bá kọ̀. Búùjì tí ẹnu rẹ̀ ti jẹ gbòòrò náà ń dá kún un, ẹ pààrọ̀ wọn pọ̀.

Ti pupa yẹn, òótọ́ ni pé ti R8 wà, nọ́ńbà rẹ̀ ni 06E 905 115 E, ó sì ń wọ ẹ́ńjìnì yín. Ṣùgbọ́n ta ni kò lè da ike pupa? Tí ẹ ò bá tíì fi kún agbára mọ́tò, irú èyí tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ ti tó, pupa ò ní fi ẹṣin kankan kún un.

Èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi nígbà kan, "OEM", ìyẹn ojúlówó ilé iṣẹ́, ni wọ́n kọ sí i gàdàgbà. Mo fi àtàǹpàkò ra nọ́ńbà orí rẹ̀, ó pa rẹ́. Rọ́bà ọ̀kan kúrú ju ti àwọn tó kù lọ, síprínìǹgì inú rẹ̀ sì ń mì. Ayédèrú pọ́ńbélé! Ẹni tó tà á ò bá mi jà, ó ní kí n dá a padà òun á san owó mi, àmọ́ owó ìfiránṣẹ́ láti Àjàṣẹ́ dé Yúróòpù ju owó bọ́bíìnì lọ. Ìyẹn ló jẹ́ kí n máa sọ pé kí ọjà tó kúrò lọ́hùn-ún ni ká ti yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní báyìí, ọ̀dọ̀ àbúrò ìyàwó mi ní Brussels ni mo máa ń ní kí wọ́n kó o lọ. Òun á tú u, á ya fọ́tò nọ́ńbà rẹ̀ àti ẹnu tí wáyà ń wọ̀, èmi á gbé ti àtijọ́ sílẹ̀ níwájú mi, a ó máa fi wéra. Tó bá yàtọ̀, ibẹ̀ ló ti máa dá a padà, kò wọ́n. Kí n tó sanwó rárá, mo máa ń ní kí olùtajà ya èyí tó máa fi ránṣẹ́ gan-an, pẹ̀lú ìwé tí wọ́n kọ ọjọ́ òní sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ń sá fún ìyẹn, ẹ fi í sílẹ̀. Lẹ́tà tó gbẹ̀yìn nọ́ńbà lè yàtọ̀ sí tiyín torí wọ́n máa ń tún un ṣe, ẹ fún wọn ní nọ́ńbà ṣaásì kí wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ sì ro owó rẹ̀ dáadáa, yúrò kan kì í kúrò ní 655,957 sẹ̀fà, ẹ wá fi owó ọkọ̀ àti ti dúwáànì lé e. Tí mẹ́rin bá jẹ́ iye tí wọ́n ń ta ẹyọ kan níbòmíràn, ẹ ti mọ ohun tí ẹ fẹ́ rà.

Tí ẹ bá ti ṣe pàṣípààrọ̀ yẹn, ẹ kọ kóòdù tó jáde síbí, kí ẹ fi fọ́tò nọ́ńbà orí bọ́bíìnì yín mọ́ ọn, màá bá yín wò ó.