Ṣé gbogbo idán ni sihr?

Ìbéèrè: Ààfáà wa, àsàláámù àlékúmù. Nínú Kùránì tí wọ́n túmọ̀ sí Yorùbá, "idán" ni wọ́n ń pe sihr, ohun tí ẹ̀sìn wa kọ̀. Ọmọ mi wá ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi káàdì pidán lórí fóònù, ó sì ń fi han àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ níléèwé. Àwọn aládùúgbò wa tó jẹ́ Hausa ní Nyanya níbí ní sihiri ni. Ẹnì kan tiẹ̀ sọ pé àgbo ibà tí mò ń sè náà kò yọ sílẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Wàálékúmù sàláàmù. Orúkọ ló dà á rú mọ́ yín lójú, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú u.

Lédè Lárúbáwá, ohun tí okùnfà rẹ̀ bá fara sin ni sihr. Gbòǹgbò kan náà ló bí orúkọ tí wọ́n ń pe ìgbẹ̀yìn òru, kí àfẹ̀mọ́júmọ́ tó là. Ibẹ̀ la ti rí sààrì tí à ń jẹ nínú ààwẹ̀. Ìdí nìyí tí Ànábì fi sọ pé sihr wà nínú ọ̀rọ̀ sísọ mìíràn, láìpe sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ní oṣó. Lárúbáwá yìí ni Hausa sọ di sihiri. Ibòmíràn ni magic ti Gẹ̀ẹ́sì ti wá: orúkọ àwọn àlùfáà Páṣíà àtijọ́ ni Gíríìkì fi ń pe oníṣẹ́ awo. Àwọn wọ̀nyẹn náà ni Majūs tí Súrà Hajj, ẹsẹ 17, dárúkọ. Idán tiwa ló gbòòrò jù: eégún tó di òjòlá, òpìdán tó yọ ẹyẹlé nínú fìlà, idán ni gbogbo rẹ̀.

Èyí tí ẹ̀sìn kọ̀ ni ti Súrà Baqarah, ẹsẹ 102: ẹ̀kọ́ èṣù tí wọ́n fi ń ya tọkọtaya, tí kò sì lè ṣe ẹnikẹ́ni ní jàǹbá láìsí àṣẹ Ọlọ́hun. Òun ló tẹ̀lé ẹbọ ṣíṣe nínú ẹ̀ṣẹ̀ 7 tó ń pani run. Ímáàmù Shāfi'ī, ọ̀kan nínú àwọn àgbà onímọ̀ òfin ẹ̀sìn, ní ká kọ́kọ́ sọ fún ẹni tó kọ́ ọ pé: "Ṣàpèjúwe idán rẹ fún wa." Ẹ bi ọmọ yín bẹ́ẹ̀. Tó bá lè fi ibi tó tọ́jú káàdì sí hàn yín, ọwọ́ yíyá ni. Kó máa sọ bẹ́ẹ̀ fáwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kó má ta tẹ́tẹ́ sí i, kó má sì sọ pé òun ní agbára kan. Àwọn onímọ̀ kan dí ilẹ̀kùn náà pátápátá, torí ojú àwọn ènìyàn ni àwọn òpìdán Fir'aun (Fáráò) náà fi idán bò, Súrà A'rāf, ẹsẹ 116. Èmi fara mọ́ kó wá eré mìíràn, ṣùgbọ́n n kò ní pè é ní oṣó.

Àgbo? Ewé, èèpo àti omi gbígbóná ni. Oògùn ni, ẹ máa sè é. Ohun tí ń bà á jẹ́ ni ọfọ̀ tí ń pe ẹlòmíràn yàtọ̀ sí Ọlọ́hun, tàbí ẹ̀jẹ̀ adìyẹ tí wọ́n ní kẹ́ ẹ da sí i. Tí boka (oníṣègùn ìbílẹ̀ Hausa) tàbí ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní ààfáà bá béèrè orúkọ ìyá yín, aṣọ tẹ́ ẹ wọ̀ tí ẹ kò tíì fọ̀, tàbí tó ya ilé onígun mẹ́rin tó kún fún nọ́ńbà tí kò ṣàlàyé, ẹ dìde.

Fún ààbò, ẹ pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ kẹ́ ẹ tó sùn, ẹ fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i, ẹ ka Súrà Ikhlās, Falaq àti Nās sí i, kẹ́ ẹ wá fi ra orí, ojú àti iwájú ara, títí dé ibi tí ọwọ́ bá dé. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni. Ọ̀pọ̀ ń fi pa ojú nìkan, tàbí kó jẹ́ ọjọ́ tí ẹ̀rù bá bà wọ́n nìkan ni wọ́n ń rántí. Àlálẹ́ ni Ànábì ń ṣe é.

Ẹni tó bá ti lọ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ aríran rí, a kò ní gba ìrun rẹ̀ fún òru 40. Kò túmọ̀ sí pé kó jókòó láìkírun o: dandan ni kó kí i, ẹ̀san rẹ̀ ni kò ní rí gbà.