Ṣé kí n sá fi aláìsàn sílẹ̀ ni?

Ìbéèrè: Nọ́ọ̀sì ni mí, wọ́n ní a máa ṣe dírìlì, ìyẹn ìdánrawò, lórí ohun tá a máa ṣe bí ẹni tó gbé ìbọn bá ya wọ wọ́ọ̀dù. Aláìsàn tí ò lè dìde ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ́ èèyàn ni pé kó sá, kó fara pamọ́, tí ò bá sọ́nà míì rárá kó jà, àmọ́ ẹni tó wà lórí ẹ̀rọ tó ń bá a mí ò lè sá, torí ẹ̀ lẹ ṣe gbọ́dọ̀ ti mọ̀ látòní ìlẹ̀kùn tó ṣeé tì pa, kẹ́ ẹ fi bẹ́ẹ̀dì dí i, kẹ́ ẹ paná, kẹ́ ẹ pa ohùn fóònù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sáré padà síbi tí ìbọn ti ń dún. Ẹ ní kí wọ́n kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, kí wọ́n sì kéde pé dírìlì ni kó tó bẹ̀rẹ̀.