Ṣé òótọ́ ni pé ọ̀bẹ ni ìtumọ̀ Sekinat?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Alfa. Ìyàwó mi bímọ obìnrin ní Àlàmísì, mo sì fẹ́ sọ ọ́ ní Sekinat, orúkọ ìyá mi tó ti dolóògbé. Ọ̀rẹ́ mi kan tó kàwé ní Íjíbítì ní ọ̀bẹ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ lọ́hùn-ún. Láti ìgbà náà, ọkàn mi ò balẹ̀. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an? Ṣé Sekinat la máa kọ sínú ìwé ọjọ́-ìbí ni àbí Sakinah?

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire o. Ọlọ́run á wò ó, á dá a sí.

Ìbàlẹ̀ ọkàn tí ẹ ń wá yẹn gan-an ni orúkọ náà túmọ̀ sí. Sakīna ni Lárúbáwá ń pè é: ìfọ̀kànbalẹ̀ tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ fún ẹ̀dá. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló wà nínú Kùránì. Èyí tí mo fẹ́ràn jù wà nínú Súrà At-Tawbah, ẹsẹ 40. Ànábì Muhammad àti Abu Bakr sá pamọ́ sínú ihò àpáta, àwọn tó ń lé wọn sì ti dé tòsí. Ànábì ní kí ẹnìkejì òun má banújẹ́, Ọlọ́run wà pẹ̀lú àwọn. Ibẹ̀ ni sakīna ti sọ̀ kalẹ̀. Orúkọ tí ìyá yín jẹ́ títí wọ́n fi lọ nìyẹn.

Lẹ́tà Lárúbáwá mẹ́ta, sīn, kāf àti nūn, ni gbòǹgbò rẹ̀: kí nǹkan dúró jẹ́ẹ́, kí èèyàn rí ibi gbé. Inú rẹ̀ ni maskan, ibùgbé, ti wá, àti sukūn, àmì roboto kékeré tí ọmọ ilé-kéwú ń fi sórí lẹ́tà tí kò ní fáwẹ̀lì.

Ọ̀rẹ́ yín ò parọ́ o. Àwọn ará Íjíbítì ń pe ọ̀bẹ ní sikkīna. Tí a ò bá fi àmì sí i, bákan náà ni wọ́n ṣe ń kọ méjèèjì: سكينة. Ṣùgbọ́n kāf ti ọ̀bẹ ru ṣáddà, ahọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. “Sí” ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Ti orúkọ, “sá” ló fi bẹ̀rẹ̀, kāf rẹ̀ sì fúyẹ́. Lárúbáwá kankan ò ní gbọ́ ọ ní ẹnu kó rò pé ọ̀bẹ lẹ ń wí.

Ní ti kíkọ, kò sí èyí tó burú. Lẹ́tà tó gbẹ̀yìn orúkọ náà, tó ní àmì tín-ín-tìn-ìn méjì lórí, h ni wọ́n ń kà á tí wọ́n bá dúró lé e, t sì ni tí ọ̀rọ̀ bá ń lọ síwájú. T yẹn làwa Yorùbá mú, bá a ṣe mú un nínú Àmínátù àti Ràmátù. Torí náà, Sekinat ni kẹ́ ẹ kọ, bí ìyá yín ṣe kọ ọ́. Ẹ ṣáà má yí i padà mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan ń jẹ́ Sekinat nínú ìwé ìdánwò, ó ń jẹ́ Sakinah nínú ìwé ọjọ́-ìbí. Kóòtù ló ti lọ búra kó tó rí páásípọ́ọ̀tù gbà.

Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ẹ bá alfa tó máa pe orúkọ náà sọ̀rọ̀ ṣáájú: kó pe sá, kó pe kāf náà lẹ́ẹ̀kan péré.